Ekòló rọ́bà àti ọ̀pá kan: bí a ṣe ń yan irinṣẹ́ ìpẹja báàsì láyìíká Houston

Ẹ má tíì wọ ilé ìtajà. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí etí omi tí ẹ fẹ́ ti pẹja báàsì, ẹja ẹlẹ́nu fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní largemouth bass níbí, kí ẹ dúró níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí láìmú nǹkan kan dání, kí ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Kí ló wà nínú omi náà tí ẹja lè sá sí abẹ́ rẹ̀? Báwo ni omi náà ṣe mọ́ tó? Irú ẹja kéékèèké wo ló ń sáré kiri létí rẹ̀? Ohun tí ẹ bá rí ló máa sọ ìdẹ tí ẹ máa rà. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí ní Houston níbí ti ra àpótí ńlá kan, tí wọ́n kó oríṣiríṣi ìdẹ igba sínú rẹ̀, kí wọ́n tó wá béèrè pé èwo ni kí àwọn sọ sómi. Owó yẹn ì bá tó ra ohun gbogbo tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nílò, ì bá sì ṣẹ́ kù.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe. Ìgbà tí mo bá jáde láàárọ̀ gan-an ni báàsì ń jẹun, pàápàá nígbà ooru, nítorí náà mo máa ń yà sí etí omi kí n tó lọ sùn. N kò ní ọkọ̀ ojú omi, n kò sì wá a. Ohun tí mo máa sọ níbí jẹ́ ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí adágún, tó ní ọ̀pá kan lọ́wọ́ àti àpò kan léjìká.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí mi, àrọ̀ ni mo sì kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tó bá ń dẹ ìwọ̀ fún àrọ̀ mọ̀ pé òórùn ló ń fà á wá. Àrọ̀ fi irùngbọ̀n rẹ̀ ń tọ́ omi wò, ó sì lè rí oúnjẹ nínú ẹrẹ̀ àti òkùnkùn, nítorí náà ekòló tútù tàbí ìfun adìẹ ti tó o. A ó dẹ ìwọ̀ sílẹ̀, a ó jókòó. Báàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ló fi ń ṣọdẹ, pẹ̀lú ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ tó fi ń gbọ́ bí omi ṣe ń mì. Ó máa ń lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ kùkùté, sí abẹ́ koríko, sí òjìji afárá pákó, yóò dúró jẹ́ẹ́, nígbà tí nǹkan tó lè wọ ẹnu rẹ̀ bá sì ń kọjá, á já sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu ọ̀hún sì fẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ìdẹ àtọwọ́dá tí kò ní òórùn kankan fi ń mú un: ohun tó ń rìn ló ń wá. Ìdí kan náà ló sọ pé ìdẹ tó yẹ ni èyí tó lè wọ ibi tí báàsì lúgọ sí, kó sì jáde láìhá. Èmi kì í wo bí ìdẹ ṣe ń dán lára ògiri ilé ìtajà. Mo ń wo bóyá ó lè gba àárín ẹ̀ka igi kọjá.

Ọ̀pá, ríìlì àti okùn

Ọ̀pá kan tó. Ẹ ra èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7, tí wọ́n kọ “medium” àti “fast” sí ara rẹ̀ lókè ibi tí ọwọ́ ń dì mú. “Medium” ń sọ bí ọ̀pá náà ṣe lágbára tó. “Fast” túmọ̀ sí pé orí rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀, tí ìdí rẹ̀ dúró gbọn-in. Orí tó ń tẹ̀ ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ nígbà tí ẹja bá fẹnu kan ìdẹ, ìdí tó le ló sì máa ti ìwọ̀ wọ ẹnu ẹja. Ríìlì, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń ká okùn sí, tó bá a mu ni ti spinning, èyí tó ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá, ìwọ̀n 2500. Ẹ jẹ́ kí baitcaster, irú ríìlì tó ń jókòó sórí ọ̀pá, dúró di ọjọ́ mìíràn. Ó dára fún ìdẹ wíwúwo, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn lè fi gbogbo àárọ̀ tú okùn tó lọ́ pọ̀. Ọ̀pá àti ríìlì tí wọ́n so pọ̀ tà máa ń wà láàárín $50 sí $80, ó sì máa bá yín tọ́jọ́ bí ẹ kò bá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ ọn lórí.

Tí ẹ bá fẹ́ kó rọrùn, okùn náílọ́ọ̀nù pọ́n-ùn 10 ni kí ẹ wé sí ríìlì. Òǹkà yẹn ni ìwọ̀n tí okùn lè fà kó tó já. Èmi fúnra mi ń lo okùn híhun pọ́n-ùn 15, mo sì ń so okùn fluorocarbon pọ́n-ùn 12, bí ẹsẹ̀ bàtà 3, mọ́ ẹnu rẹ̀. Okùn híhun kì í nà, nítorí náà kò sí bí ẹja ṣe rọra kàn án tó tí ọwọ́ kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n ó hàn ketekete nínú omi tó mọ́, fluorocarbon ló sì ń bo àṣírí rẹ̀.

Kókó kan péré ni kí ẹ kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Palomar. Ẹ pa etí okùn pọ̀ sí méjì, ẹ kì í bọ ojú ìwọ̀, ẹ ta á ní kókó lásán láìfà á le, ẹ wá gbé odindi ìwọ̀ gba inú ojóbó okùn tó kù lẹ́nu kọjá. Ẹ fi itọ́ rin ín dáadáa kí ẹ tó fà á le. Tí ẹ bá fà á ní gbígbẹ, okùn á gbóná níbi tó ti ń ha ara rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa já nígbà tí ẹja ńlá bá dé.

Ekòló rọ́bà

Tí wọ́n bá ní kí n mú ìdẹ kan ṣoṣo, ekòló rọ́bà ni n ó mú, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1949, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nick Creme ní ìlú Akron, ní Ohio, bẹ̀rẹ̀ sí í da ekòló rọ́bà tó rọ̀ tó sì ń mì nínú omi. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ rẹ̀ kó wá sí Tyler níhìn-ín ní Texas. Ọ̀nà tí a gbà ń so ekòló ọ̀hún mọ́ ìwọ̀ kí ìwọ̀ má bàa há ni gbogbo Amẹ́ríkà ń pè ní Texas rig.

Ohun mẹ́ta ló gbà: ekòló rọ́bà tó gùn tó íǹṣì 6 tàbí 7, ìwọ̀ offset 3/0 tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́, àti òjé kékeré tí orí rẹ̀ mú ṣóńṣó bí ọta ìbọn. Fún òjé, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá mẹ́jọ áúǹsì. Tí afẹ́fẹ́ bá le tàbí tí omi bá jìn, ẹ lo ìdá mẹ́rin. Ẹ ki okùn bọ inú òjé láti ibi tó mú ṣóńṣó, kí ẹ tó so ìwọ̀. Ẹ fi ẹnu ìwọ̀ gún orí ekòló ní ọ̀gangan àárín, kó wọlé bí ìdá mẹ́rin íǹṣì, kó sì yọ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ fa ìwọ̀ náà já títí orí ekòló á fi jókòó sí ọrùn rẹ̀ níbi tó ti ṣẹ́. Ẹ yí ìwọ̀ padà kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ara ekòló. Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé: ẹ jẹ́ kí ekòló rọ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, ẹ wo ibi tí ìtẹ̀ ìwọ̀ bá a mu lára, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ gún un láti ìsàlẹ̀ kó yọ lókè, kí ẹ wá fa awọ ekòló díẹ̀ bo ṣóńṣó ìwọ̀ náà. Tí ekòló bá wọ́, tàbí tó ká, ẹ tú u kí ẹ tún un ṣe. Ekòló tó wọ́ máa ń yí bírí nínú omi, á lọ́ okùn, báàsì kò sì ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ sọ ọ́ kọjá ẹ̀gbẹ́ kùkùté tàbí etí koríko, ẹ má sì kánjú. Ẹ jẹ́ kó rì dé ilẹ̀, kí ẹ tẹjú mọ́ okùn bó ṣe ń rì, nítorí ìgbà tó ń jábọ̀ ni báàsì sábà máa ń gbé e. Tí okùn bá dúró kó tó yẹ kó dúró, tàbí tó ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹja ni. Tí kò bá sí nǹkan, ẹ rọra gbé orí ọ̀pá sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ká okùn tó dẹ̀, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún ṣe é. Báàsì máa ń kàn án ní tọ́, tọ́. Ẹ rẹ ọ̀pá sílẹ̀, ẹ ká okùn títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ le, kí ẹ wá fi gbogbo apá fa ọ̀pá sókè. Ó gbọ́dọ̀ lágbára, torí ìwọ̀ náà ní láti kọ́kọ́ la rọ́bà já kó tó kan ẹnu ẹja.

Ọ̀nà kejì wà fún omi tó mọ́ tí kò sì ní ìdọ̀tí púpọ̀. Ẹ mú ekòló rọ́bà tó sanra, tó gùn tó íǹṣì 5, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Senko, ẹ gún ìwọ̀ 1/0 gba àárín rẹ̀ gan-an, láìfi òjé kankan sí i. Orúkọ rẹ̀ ni wacky. Tó bá ń rì, orí àti ìrù rẹ̀ á máa gbọ̀n pọ̀, ẹ̀yin kò sì ní ṣe nǹkan kan jù pé kí ẹ fi í sílẹ̀. Èyí ni mo ń fún ọmọdé àti ẹni tí kò fọwọ́ kan ọ̀pá rí.

Adágún kọ̀ọ̀kan àti ìdẹ tirẹ̀

Lake Conroe ló gbajúmọ̀ jù ní àríwá Houston. Ní 1973 ni wọ́n sé odò San Jacinto ẹ̀ka ìwọ̀-oòrùn tó fi di adágún, ó sì lé ní éékà 20,000. Ní 2017, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Bassmaster Classic, ìdíje báàsì tó lókìkí jù lọ, Jordan Lee ló sì gbà á. Àwọn tó mọ ìtàn adágún náà á sọ fún yín nípa koríko hydrilla tó bò ó, àti ẹja grass carp tó lé ní 250,000 tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹja wọ̀nyí jẹ koríko ọ̀hún tán pátápátá. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ní apá gúúsù adágún náà, níbi tí ilé àwọn olówó yí ká, ohun tí èèyàn kọ́ ni báàsì ń fi ṣe ilé: afárá pákó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, àti ògiri etí omi. Òjìji abẹ́ afárá ni kí ẹ fi wacky wá. Lára ògiri, crankbait (ìdẹ líle tí wọ́n ṣe bí ẹja kékeré) ẹlẹ́nu onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní squarebill ló dáa, kí ẹ jẹ́ kó máa kọlu ògiri bó ṣe ń bọ̀, torí ìgbà tó bá kọlu nǹkan tó sì yà ni báàsì ń gbá a mú. Ṣùgbọ́n ilé onílé ni ọ̀pọ̀ etí omi yẹn. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ojú omi á gba òkè lọ, sínú igbó ìjọba Sam Houston, ní Cagle tàbí Stubblefield. Kùkùté ló wà níbẹ̀, omi ibẹ̀ sì máa ń rú, nítorí náà Texas rig àti spinnerbait ni.

Spinnerbait ni ìdẹ onírin tó ní abẹ pẹlẹbẹ tó ń yí. Wáyà rẹ̀ wà níwájú ìwọ̀, òun ló ń ti ẹ̀ka igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìwọ̀ má bàa há. Ẹ ra funfun tàbí funfun pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìwọ̀n 3/8 áúǹsì. Abẹ roboto tí wọ́n ń pè ní Colorado ń lu omi gan-an, ti omi tó rú nìyẹn, níbi tí báàsì á ti gbọ́ ọ kó tó rí i. Abẹ gígùn tó rí bí ewé ń kọ mànà bí ẹja kékeré, ti omi tó mọ́ ni. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ tó sì ń da ojú omi rú ni ọjọ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí etí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ kò rọrùn láti sọ ìdẹ.

Lake Raven, tó wà nínú Huntsville State Park lójú ọ̀nà I-45, ni ọkàn mi fà sí jù. Kò tóbi, nǹkan bí éékà 210, ìwé àṣẹ ìpẹja kò sì pọn dandan láti pẹja nínú ọgbà náà. Owó ìwọlé nìkan ni. Òṣíbàtà pọ̀ létí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òṣíbàtà dáadáa nílé, ẹ mọ̀ pé abẹ́ ewé rẹ̀ tutù, ó sì ṣókùnkùn. Àárín ooru, abẹ́ rẹ̀ ni báàsì ńlá ń gbé. Ìdẹ tó lè gun orí ewé yẹn kọjá ni ọ̀pọ̀lọ́ rọ́bà oníhò nínú, tí ìwọ̀ méjèèjì rẹ̀ kọjú sókè, tó sùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa fà á fò díẹ̀díẹ̀ lórí ewé, kí ẹ dá a dúró níbi tí omi bá ti yọjú. Nígbà tí omi bá bú gbàmù lábẹ́ rẹ̀, ẹ ní sùúrù, ẹ má fà á títí ẹ ó fi gbọ́ ìwúwo ẹja lọ́wọ́. Nǹkan kan ṣoṣo tó ṣòro nínú ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni pé okùn kékeré kò lè fa ẹja jáde nínú òṣíbàtà. Okùn híhun pọ́n-ùn 50 àti ọ̀pá tó le ló ń béèrè. Nítorí náà, ẹ má rà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́; ẹ fi Texas rig gba etí àwọn ewé náà.

Ní Brazos Bend, ọgbà ìjọba mìíràn ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, ọ̀nì ló kọ́kọ́ máa kí yín. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 30 ó kéré tán sí àárín yín, ẹ má so ẹja tí ẹ pa mọ́ okùn sínú omi, ẹ sì yẹra fún ìdẹ tó ń fò lójú omi bí ọ̀nì bá wà nítòsí, torí òun náà fẹ́ràn ọ̀pọ̀lọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá mú ọmọ lọ.

Àwọn omi tí ọ̀pọ̀ wa ń wakọ̀ kọjá lójoojúmọ́ ṣì kù: àwọn adágún kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ sí àárín ilé ní Katy, Richmond àti Pearland kí àgbàrá má bàa ya wọlé. Báàsì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ ka pátákó etí rẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n gbà kí èèyàn pẹja. Ẹ wá páìpù tí omi òjò ń gbà wọlé àti igun tí èèsún hù sí. Wacky tàbí Texas rig ni, pẹ̀lú ìdẹ tó kéré díẹ̀.

Àwọ̀ àti ìgbà

Lórí àwọ̀, ilé ìtajà máa ń da orí èèyàn rú. Omi tó mọ́: àwọ̀ ewé tó ṣú, green pumpkin. Omi tó rú: dúdú pẹ̀lú búlúù. Ohunkóhun tó bá ń ṣe bí ẹja shad tó ń dán: funfun. Mẹ́ta yìí ti tó mi. Etí omi tí ẹ kọ́kọ́ wò máa ràn yín lọ́wọ́: tí ẹ bá rí bluegill, ẹja pẹlẹbẹ tó jọ ọmọ epìyà, ẹ kò nílò funfun, tí agbo ẹja fàdákà bá ń fò, ẹ nílò rẹ̀.

Láti oṣù kejì, bí omi ṣe ń móoru tó ń sún mọ́ ìwọ̀n 60 Fahrenheit, báàsì á máa wá sí etí omi láti yé ẹyin. Ìgbà tí ẹni tó wà létí omi ń rí ẹja ńlá jù lọ́dún nìyẹn. Lipless crankbait (èyí tí kò ní ètè níwájú) pupa, àwọ̀ crawfish, edé inú odò, ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa ṣáájú ìyé ẹyin, ẹ máa fà á gba orí koríko kọjá. Tí oṣù kẹfà bá dé, ẹ jí ní kùtù tàbí ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán ìlú yìí kò dára fún èèyàn, kò sì dára fún ẹja. Ní oṣù kẹwàá, shad á wọ inú àwọn ẹ̀ka omi, báàsì á tẹ̀ lé wọn, spinnerbait á tún gba ipò rẹ̀. Nígbà òtútù, ekòló rọ́bà ni, díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ.

Ẹ fi ekòló rọ́bà sílẹ̀ nínú àpò ike tí ẹ fi rà á. Tí ẹ bá kó oríṣiríṣi pọ̀ mọ́ra, tàbí tí ẹ kó wọn mọ́ crankbait, wọ́n á yọ́ wọ ara wọn. Ẹ má sì fi wọ́n sínú ọkọ̀ ní oṣù kẹjọ. Èyí tó bá já, ẹ mú un padà sílé, ẹ má jù ú sómi.

Ẹja tí ẹ bá mú, ẹ fi omi rin ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi àtàǹpàkò di ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀ bó bá tóbi. Ẹ̀mú ẹlẹ́nu gígùn gbọ́dọ̀ wà nínú àpò láti yọ ìwọ̀. Òfin Texas gba báàsì 5 lójúmọ́, èyí tó gùn tó íǹṣì 14 ó kéré tán. Ní Conroe, íǹṣì 16 ni, ní Lake Fork, adágún kan ní ìlà-oòrùn Texas, sì rèé, òfin mìíràn pátápátá ni, nítorí náà ẹ wo ti adágún tí ẹ ń lọ. Fún ọbẹ̀, àrọ̀ ni kí ẹ pa, ó pọ̀, ó sì dùn jù ú lọ. Báàsì ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ abo tán, àwọn ló sì ń yé ẹyin, mo ń bẹ̀ yín, ẹ dá wọn padà. Láti 1986 ni ìjọba Texas ti ń gba èyí tó bá wọn pọ́n-ùn 13 sókè lọ́wọ́ apẹja láti fi ṣe ìyá ẹja; ìlú Athens níhìn-ín ní Texas ni wọ́n ń kó wọn lọ báyìí. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà, tí wọ́n sọ ní Ethel, wọn pọ́n-ùn 17.67.

Ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ ìpẹja ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ìgbàkígbà tí ẹ bá ti rà á láàárín ọdún, nítorí náà ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ ra tuntun. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò nílò rẹ̀ rárá. Ẹ mú wọn dání.